Ẹni Tó Lá Oyin Ọmọ

Kò, kò, kò. Ohùn òkúta lórí ẹ̀kùrọ́ ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ní Ẹ̀jìgbò. Mo rò pé inú ọkọ̀ tó gbé mi láti Àbíjàn ni mo ṣì wà. Èéfín ń rọra gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó gbé òórùn ẹ̀kùrọ́ tó ń yí nínú ìkòkò gbígbóná dání, òórùn tó wúwo tó sì dùn díẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, òkúta pẹlẹbẹ kan wà láàárín wọn. Bó ṣe rí mi ló ju òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Mo wẹ̀yìn wò bóyá àgbàlagbà kan ló dúró sẹ́yìn mi. Kò sí ẹnì kankan. "Wi," ni mo fi Faransé dáhùn, torí ẹnu mi kò tíì kúrò ní Àbíjàn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àbúrò bàbá àgbà mi ló fẹ́ ẹ. Ìyàwó ilé ni, ìyàwó ilé a sì máa pe gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú agboolé ní ọkọ, ìbáà jẹ́ èyí tó ṣì ń rákò. Nígbà tó bá kúnlẹ̀ kí mi tán, á tún fi ọwọ́ kan náà gbá mi létí bí mo bá da omi nù. Ọkọ náà ni mí, ọmọ náà ni mí. Màmá ni mo ń pè é.

Bàbá mi kú sí Àbíjàn láìgba ìwé ìbí kankan fún mi. Nígbà tí wàhálà dé sí ìlú yẹn, ọ̀gá ilé ìwé wa ní kí ọmọ tí kò bá níwèé máa lọ sílé. Mo rántí bí mo ṣe gbé síléètì mi mọ́ àyà, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wò mí lójú fèrèsé. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ ìlú ọ̀hún, sunkún títí, ó wá fi mí lé awakọ̀ kan lọ́wọ́. Ó ní kí n lọ sílé bàbá mi, pé níbẹ̀ wọn ò ní bi mí léèrè ẹni tí mo jẹ́.

Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn dà bí àlá lójú mi báyìí. Àwọn obìnrin ìlú Ara àti Másífà máa ń gbé agbọ̀n ẹ̀kùrọ́ wá, wọ́n á sọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á mu omi, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí òòrùn á fi yẹ̀. Màmá á pa ẹ̀kùrọ́, á dín in títí àdín dúdú á fi máa sun jáde. Èmi á jókòó tì í, màá máa ka ìwé mi sókè. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, òkúta rẹ̀ náà á dákẹ́.

"Àjọkẹ́, kí ló dé? Ṣé ìwé ọ̀hún ti tán ni?"

Mi ò lè sinmi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á fi àdín pa ẹsẹ̀ mi, oorun á sì gbé mi lọ nínú òórùn náà.

Ìgbà tí mo parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tún dé. Ọ̀gá wa ní n kò lè ṣe ìdánwò lọ sí girama láìní ìwé tó fi hàn pé ọmọ ìlú ni mí. Olórí agboolé wa ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí, kí ìjọba ìbílẹ̀ tó fún mi. Inú mi bàjẹ́. Mo ti ń rí síléètì yẹn láyà mi lẹ́ẹ̀kejì.

Màmá fọ ọwọ́, ó ró ìró tó mọ́, ó sì mú mi lọ bá baálé wa.

Baálé wò mí títí. "Mi ò ní irọ́ lọmọ ń pa. Ṣùgbọ́n ọ̀hún ni baba ẹ̀ kú sí, a ò rí ìyá ẹ̀ rí, a ò mọ àna wa. Tí mo bá ń jẹ́rìí fún gbogbo ẹni tó bá ti Àbíjàn dé, ta ló máa kù tí ò ní jẹ́ ọmọ ilé yìí? Ilẹ̀ wa gan-an ò tó wa."

Màmá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rántí oyin tẹ́ ẹ lá lọ́dún tí atẹ́gùn ṣí òrùlé yìí?"

"Oyin kẹ̀?"

"Awakọ̀ mú ìròyìn wá pé wọ́n bímọ fún wa lọ́hùn-ún. Ẹ ní ká sọ ọ́ lórúkọ níbí lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo gbé àwo oyin. Ọmọ ò sí ńlẹ̀ tá a máa fi tọ́ ọ lẹ́nu, ẹ̀yin lẹ bá a lá a. Ẹ tún ní kí n bù sí i, pé oyin inú igbó Ọlà ni, ó dùn."

Baálé fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi rò pé ọkùnrin lọmọ yẹn."

"Àjọkẹ́ lẹ pè é, ọkọ mi. Ọkùnrin wo ló ń jẹ́ Àjọkẹ́?"

Baálé bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ń mì. "Ìyàwó yìí ò gbàgbé nǹkan."

"Ẹni tó bá ti lá oyin ọmọ, ó ti mọ ọmọ nìyẹn."

Baálé ní kí n wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun, ó sì ní kí wọ́n lọ bá òun wá bírò.

Bá a ṣe ń padà lọ, Màmá kàn déédéé sọ̀rọ̀. "Nígbà tá a wà ní Gánà, tí wọ́n ní kí àwa àlejò máa lọ, inú kíláàsì ni àkọ́bí mi wà. Ó gbé síléètì ẹ̀ wálé. Kò padà sí kíláàsì kankan mọ́. Kò sẹ́nì kan tó gbẹnu sọ fún wa." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣì ń yọ̀ fún àdín. Mi ò fi í sílẹ̀ títí a fi délé.

Màmá ti sùn nínú ilẹ̀ tipẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Èmi ti di tíṣà níbí. Bí mo bá gbọ́ òórùn àdín lójú ọ̀nà, mo ṣì máa ń dúró kí n tó rántí ibi tí mò ń lọ. Àwọn ọmọ ṣì ń ti òkèèrè dé, èyí tó ní agboolé àti èyí tí kò ní. Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin kan dé, ọmọ ará Tógò tó ń bá wọn ro oko ní Ọlà. Kò ní baálé, kò níwèé. Èmi àti bàbá rẹ̀ ti ń lọ, a ti ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, a ò sì tíì rí i gbà. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ó gbé àpò ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Ọ̀gá ilé ìwé wo gbogbo àwa tíṣà lójú, ó ní ta ló mọ ọmọ yìí níbí.

Ìgò oyin kan kì í tán nínú dúróà mi. Mo ṣí i, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo lá a.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni mo wí, mo sì fa ọmọ náà lọ́wọ́ wọ kíláàsì.