Ẹṣin Dúdú Tí Àpèkẹ́ Yà ní Fagge

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Edith Àpèkẹ́ fi fọ fọ́tò lẹ́yìn aṣọ dúdú tí Akínladé ọkọ rẹ̀ ta sí ẹnu ọ̀nà yàrá kékeré kan ní Ibo Road, ní ilẹ̀ Hausa. Akínladé ló máa ń ya àwọn ènìyàn níwájú, lábẹ́ gílóòbù ńlá méjì. Àpèkẹ́ ní tirẹ̀ á wà nínú òkùnkùn, á máa yí ìwé funfun nínú omi títí ojú ènìyàn á fi yọ. Kò tẹ kámẹ́rà rí. Nígbà tí Akínladé kú ní òpin òjò ọdún 1975, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì jókòó ti Àpèkẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Olúfúnlọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà fi ń kọ lẹ́tà. Ìyá rẹ̀ á kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ tuntun nínú rẹ̀.

Àpèkẹ́ kò ti ṣọ́ọ̀bù pa, nítorí kò mọ ibòmíràn tí òun ì bá máa lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń gbálẹ̀, ó ń jókòó. Gílóòbù kan jó, èkejì náà jó, kò pààrọ̀ wọn.

Ní oṣù Kejìlá, bàbá Hausa kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Gámbò ni orúkọ rẹ̀, ará Fagge ni, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Èdè Hausa ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, nítorí Àpèkẹ́ gbọ́ ọ dáadáa.

"Màdáámù, ṣé ẹ lè bá mi ya ẹṣin mi?"

"Bàbá, ọkọ mi ló ń ya fọ́tò. Ó ti kú."

"Mo gbọ́. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ẹṣin náà ti darúgbó, eyín ẹnu rẹ̀ ti tán. Mi ò rò pé yóò rí òjò tó ń bọ̀. Mi ò sì fẹ́ gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí."

Àpèkẹ́ kò mọ ìgbà tí òun na ọwọ́ gbé kámẹ́rà.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé ibùso ẹṣin náà. Dúdú ló dú bí èédú, Àkáwàlì ni bàbá ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ẹṣin dúdú. Àpèkẹ́ ṣe bó ṣe máa ń rí ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe: ó dúró ní ọ̀kánkán, ó ní kí bàbá di ìjánu mú, ó sì tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mejìlá tí fíìmù fi tán. Nígbà tó fọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ògiri funfun ló rí, àti iyanrìn funfun, àti ohun dúdú kan láàárín wọn bí ihò. Kò lójú, kò nímú.

Kò fi pamọ́. Ó gbé e lọ sí Fagge.

"Bàbá, mo bà á jẹ́."

Gámbò wò ó, kò bínú. "Ẹṣin mi kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ọ̀sán lẹ wá. Ẹ wá láàárọ̀, lẹ́yìn tí a bá kírun tán."

Ọjọ́ mẹ́rin ló kọ́kọ́ lọ láìmú kámẹ́rà dání. Ó jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ìborùn bo imú nítorí eruku ọyẹ́. Oòrùn á yọ ní pípọ́n, kò ní lágbára. Bó bá ga ju òrùlé ilé kejì lọ díẹ̀, á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹṣin náà, irun ara rẹ̀ á sì máa dán lọ́kọ̀ọ̀kan. Egungun èjìká á hàn, iṣan abẹ́ ojú á hàn. Ògiri funfun tó wà ní òdìkejì á da ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá tí gbogbo rẹ̀ á fi parẹ́, tí ẹṣin á tún di èédú. Akínladé máa ń sọ fún ènìyàn pé kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún oòrùn?

Gámbò á gbé kúnú wá fún un nínú igbá, àwọn méjèèjì á sì jókòó, wọ́n á máa wo ẹṣin. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá náà ní, "Ọdún kejìlá rèé tí ìyàwó mi kú. Ẹṣin yìí nìkan ló kù nínú ilé tó mọ ohùn rẹ̀."

Àpèkẹ́ mu kúnú rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ karùn-ún ó mú kámẹ́rà wá, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Ẹṣin ń tòògbé. Ìmọ́lẹ̀ dé, Àpèkẹ́ ṣì ń dúró. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ké níta, ẹṣin gbórí sókè, ó yí etí kan síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tẹ kámẹ́rà.

Nínú yàrá òkùnkùn, ojú ẹṣin ló kọ́kọ́ yọ nínú omi, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan nínú rẹ̀. Àpèkẹ́ yíjú sí aṣọ dúdú, ó ní, "Ẹ wá wò ó." Ó ti sọ ọ́ jáde kó tó rántí pé Akínladé kò sí níwájú mọ́. Ó dúró síbẹ̀, omi ń kán láti ọwọ́ rẹ̀.

Gámbò fi ìka méjì di etí fọ́tò náà mú. Ó wò ó pẹ́. "Ó ń gbọ́ nǹkan," ló sọ. "Ẹ wò ó, ó ń gbọ́ nǹkan."

Ẹṣin náà kú ní oṣù Kejì. Kò pẹ́ tí ọmọ Gámbò wá mú bàbá rẹ̀ lọ sí Dutse. Nígbà tí Àpèkẹ́ gbé kámẹ́rà padà lọ sí Fagge láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníṣòwò kan ní ọjà aṣọ Kantin Kwari ti gba ilé náà, ó ń kó ìdì aṣọ sí ibùso. Àpèkẹ́ kò fẹ́ padà sílé. Ó rìn títí dé ìhà Yankaba, ó ya àwọn lékeléke tó ń tẹ̀ lé màlúù.

Báyìí ló ṣe ń jáde láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fi máa di 1981, ràkúnmí, ẹyẹ àti àgùntàn ló kún ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó wá ya fọ́tò pélébé ìwé ìrìnnà á wò wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Matilda, tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, bi í lọ́jọ́ Sunday kan pé, "Ìyá Fúnlọ́lá, ta lẹ ń ya gbogbo ẹranko wọ̀nyí fún?"

Àpèkẹ́ rò ó. "Kò sẹ́ni tó rán mi," ló dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ń dúró de ìmọ́lẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé mo ń dúró de nǹkan tó máa dé."

Matilda ní kó wá jẹun nílé òun. Àpèkẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ.