Mo Lọ Ṣe Amí Àwọn Oníkánfáàsì

Ọmọbìnrin mi àbígbẹ̀yìn ló kó mi sí i. A jọ ń jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù yín." Mo ní ṣọ́ọ̀bù wo? Ó ní ti Ìdúmàgbò. Àfi bíi pé mo ní méjì.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta bàtà ní Ìdúmàgbò: sáńdà àwọn ọmọ iléèwé, sìlípáàsì tí àwọn èèyàn ń wọ̀ lọ sí mọ́sáláṣí, bàtà obìnrin onígìgísẹ̀ gíga. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ kú, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni owó iléèwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde. Ọmọ mi wá ní òun fẹ́ sọ ọ́ di ibi tí wọ́n á ti máa ta kánfáàsì olówó ńlá, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sìníkà, àti súwẹ́tà tó ní fìlà lẹ́yìn. Ó ní ògiri máa funfun, ẹ̀rọ amúlétutù á máa fẹ́, bàtà mẹ́jọ ló sì máa wà lára ògiri. Mẹ́jọ péré! Bàtà pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tèmi débi pé ẹ̀gbẹ́ ni èmi tí mo ni ín fi ń wọlé.

Gbogbo ìyẹn ì bá má dùn mí. Ọ̀rọ̀ tó fi parí rẹ̀ ló dùn mí. Ó ní, "Ẹ wá sinmi, Mọ́mì. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Mo mọ ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n bá ní kí wọ́n sinmi sí. Ó wà nínú agbo ilé wa ní Olówógbowó, àga méjì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n á máa bi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá bóyá wọ́n ti pe ìrun. Ẹ̀rù àga yẹn ń bà mí. Ó ń bà mí gidi gan-an. Mo sọ fún ọmọ mi pé màá fún un lésì kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, èsì ti wà nílẹ̀. Rárá ni.

Àmọ́ èmi kì í kọ ọjà tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Mo ti ń gbọ́ pé wọ́n ń ṣí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ káàkiri Erékùṣù báyìí, mo wá pinnu pé màá lọ fojú ara mi rí i, kí n lè mọ ohun tí màá fi bẹnu àtẹ́ lù ú dáadáa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kírun ọ̀sán tán, mo ní kí aládùúgbò mi bá mi wo ọjà. Mo wọ léèsì, mo wé gèlè, kí wọ́n má baà rò pé mo wá tọrọ owó. Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ wà nítòsí Marina. Mégáàdì kan ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì fún mi, òtútù sì kọ lù mí. Ọmọkùnrin kan tó dirun jáde sí mi. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ dè é, àmọ́ ṣe ni ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó fọwọ́ kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní omi tútù." Inú mi ò dùn sí i rárá. Ó ṣòro láti kórìíra ọmọ tó mọ̀ ọ́n kí.

Mo yẹ ọjà wò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni wọ́n kó síta, ẹsẹ̀ òsì wà nínú páálí lẹ́yìn. Ìyẹn yé mi. Bí àwa náà ṣe ń ṣe é ní Ìdúmàgbò nìyẹn, nítorí olè. Kí ni olè fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ṣe? Èyí tí kò yé mi ni bàtà kan tó wà láàárín ògiri, tí wọ́n tan iná sí lórí. Ó dọ̀tí, ó gbó létí, okùn rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹnì kan ti wọ èyí." Ó ní, "Rárá o, Mọ́mì. Tuntun ni. Bí wọ́n ṣe design ẹ̀ nìyẹn." Mo ní tuntun bí báwo? Ní Ìdúmàgbò, bí bàtà bá rí báyìí, a ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná kí a tó gbójú lé e pé ẹnikẹ́ni máa rà á.

Mo wá mú funfun kan, mo béèrè pé èló ni. Iye tó pè, mo rọra gbé bàtà náà sílẹ̀ kó má baà jábọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ná an ní ìdajì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Fixed price ni." Mo fi díẹ̀ kún un. "Mọ́mì, a kì í ná ọjà níbí, wallahi." Mo ní kò burú, ẹ kú ọjà o.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú "ẹ kú ọjà o" yẹn. Ìyá mi ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kúrò nídìí ọjà. Wọn kì í sáré. Wọn kì í wẹ̀yìn wò. Èèyàn á gbé ọjà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, á tún ìborùn ṣe, á wá máa lọ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mìíràn ti gbà lọ́kàn. Kó tó dé ṣọ́ọ̀bù kẹta, wọ́n á pè é padà. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni wọ́n ti ń pè mí padà. Kò sí oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmàgbò tó tíì jẹ́ kí n lọ.

Mo tún ìborùn mi ṣe. Mo rọra lọ. Mégáàdì ṣílẹ̀kùn fún mi, mo bọ́ sínú oòrùn, mo sì dúró. Mo gbójú sókè bíi pé mo ń wò bóyá òjò fẹ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run mọ́ rekete. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo yọjú wo inú gíláàsì, mo rí ọmọ náà tó ń fi aṣọ nu ibi tí mo ti fọwọ́ kàn lára bàtà. Ó rí mi, ó juwọ́ sí mi tìdùnnú-tìdùnnú. Ó dà bíi kí n padà lọ gbá a létí. Mo rìn títí dé ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń gbérò ní CMS, etí mi ṣì wà lẹ́yìn.

Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Mo sùn lórí ìbínú náà. Bó ṣe di ọjọ́ kejì, mo gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, èyí tó wà ní Olówógbowó níbí, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí agbo ilé wa. Iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni wọ́n ṣí i sí, nínú yàrá tí wọ́n ti ń ta yìnyín nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọmọbìnrin kan ló ni ín, ẹgbẹ́ ọmọ mi. Ó wọ híjáàbù àti kaftani gígùn, kánfáàsì pupa wá yọ lábẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo dáhùn, mo mú bàtà kan wò, mo béèrè iye rẹ̀, mo ná an. Ó ní iye tí òun pè náà ni. Mo ní ẹ kú ọjà o, mo jáde, láìretí ohunkóhun.

Mi ò tíì kọjá gọ́tà tí mo fi gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. "Mọ́mì! Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ padà wá!"

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo rọra yí padà, mo fajú ro bó ṣe yẹ. Mo ní, "Èló lo máa wá gbà?"

Ó ní, "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, Mọ́mì. Kí lẹ rí lára bàtà yẹn?"

Mo ní bàtà wo? Ó ní, "Èyí tẹ́ ẹ mú. Kẹ́ ẹ tó béèrè owó ẹ̀, ẹ ká a méjì, ẹ gbóòórùn inú ẹ̀, ẹ fi èékánná tẹ gìgísẹ̀ ẹ̀. Ẹ wá gbé e sílẹ̀, ẹ yínmú. Àwọn tó ń wá síbí, fọ́tò ni wọ́n máa ń yà. Kò sẹ́ni tó tíì gbóòórùn bàtà mi rí."

Èmi fúnra mi ò mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló ṣe é. Mo wá sọ òótọ́ fún un: gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò dáa, ó ń rùn bíi kẹrosíìnì, bàtà yẹn máa lanu ní òjò àkọ́kọ́. Ọmọ náà jókòó sórí páálí gbì. Ó ní oníbàárà méjì ti dá tiwọn padà, pé ọ̀kan ti bú òun sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun ò mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa nínú gbogbo ohun tí òun kó sílẹ̀, pé bí òun bá ti ń tà á ni àyà òun ń já.

Ó yẹ kí n máa yọ̀. Àbí kì í ṣe ohun tí mo wá wá nìyẹn? Àmọ́ omi ti lé ròrò sójú ọmọ náà, ó sì ń gbìyànjú láti má jẹ́ kí n rí i. Mo ká ọwọ́ léèsì mi sókè. Mo ní, "Kó wọn wá."

A jókòó sílẹ̀ láàárín páálí. Mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ká bàtà, bí wọ́n ṣe ń wo òwú tí wọ́n fi rán an, bóyá ó tò dọ́gba tàbí ó ń ṣe ségesège, bí gọ́ọ̀mù gidi ṣe ń rùn. Èyí tó dáa, a tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí tí kò dáa, a kó o sẹ́nu ọ̀nà kó lè dá a padà fún ẹni tó tà á fún un. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì, a jọ kí i lẹ́yìn àwọn páálí, a tún padà sídìí rẹ̀. Kó tó di pé a parí, òun fúnra rẹ̀ ti ń yọ èyí tí kò dáa kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀ mí pé ní gbogbo ìgbà tí ọjà tuntun bá ti dé, kí n jọ̀ọ́ kí n yà. Mo ní màá wò ó. Ara mi yá gágá bí mo ṣe ń lọ sílé.

Ojú ọ̀nà náà ni èrò kan ti sọ sí mi lọ́kàn, mo sì dúró ṣinṣin. Bí ọmọ yìí ò bá mọ bàtà, ọmọ tèmi náà kò lè mọ̀ ọ́n. Ta ló kọ́ ọ? Èmi kọ́. Nígbàkígbà tó bá wá jókòó tì mí nídìí ọjà, ṣe ni mò ń lé e lọ sídìí ìwé rẹ̀. Nítorí náà, kò lè ṣe é láìsí èmi. Kò sí ẹni tó máa lè sọ pé kí n lọ sinmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú títì níbẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, bí ọmọ mi ṣe ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, mo ní kó kó bàtà tó ti rà sílẹ̀ jáde kí n rí i. Ó fa páálí mọ́kànlá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ká àkọ́kọ́, mo gbóòórùn rẹ̀, ó dáa. Ìkejì dáa. Ìkẹta dáa. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mò ń wá èyí tí kò dáa tọkàntọkàn, ẹyọ kan péré tí màá fi hàn án. Mo dé orí ìkọkànlá, kò sí àbùkù lára rẹ̀.

Mo wá rí páálí kan tó dá wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fà á yọ, mo ká bàtà inú rẹ̀, mo gbé e símú. Kẹrosíìnì! Mo pariwo, "Èyí ńkọ́? Wá gbóòórùn èyí!"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí aṣọ tó ń ká. Ó ní, "Ìyẹn ò sí lára wọn, Mọ́mì. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò dáa. Mo fẹ́ dá a padà ní Sátidé."

Mo gbé bàtà náà sílẹ̀, mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

Ó wò mí bíi pé mo béèrè ẹni tó bí i. "Mọ́mì, abẹ́ tábìlì yín ní Ìdúmàgbò ni mò ń sùn títí mo fi wọ praimárì. Kí lẹ rò pé mò ń wò níbẹ̀? Ọwọ́ yín ni mò ń wò."

Mo sunkún. Mo sun ún dáadáa. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ayọ̀. Ìdajì yòókù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, jẹ́ ti ẹni tó rí i pé wọn ò nílò òun níbi tó rò pé wọ́n ti nílò òun jù. Ó wá dì mọ́ mi, ó ń bẹ̀ mí láìmọ ohun tó ṣe. Mo ní kó má bẹ̀ mí. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́, kó má sọ "sinmi" fún mi mọ́ láyé. Ó ní kí wá ni màá máa ṣe? Mo ní mo ti ríṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ níbí, lọ́dọ̀ ọmọ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ilé oníyìnyín. Ó yanu sílẹ̀. "Ẹ fẹ́ lọ máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tá a jọ máa du oníbàárà?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, èmi náà sì rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé.

Mo tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kúrò lára ti ilé, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Gbọ́ o, ilẹ̀kùn yẹn a máa há. Kọ́kọ́ rọra gbé e sókè díẹ̀ . . ."

"Kí n tó yí kọ́kọ́rọ́," ó bá mi parí rẹ̀.