Orin Tí Mùíbátù Kò Kọ Sínú Fíìmù

Ìró ọlọ ni ohun àkọ́kọ́ tí Mùíbátù rántí láyé rẹ̀: òkúta ń yí lórí òkúta, ohùn Ẹfúnkẹ́ sì ń bá a lọ bá a bọ̀. Ìlú Ìjù ni wọ́n ń gbé nígbà náà. Ìyá tó bí Mùíbátù ti kú; Ẹfúnkẹ́, ìyálé ìyá náà, ló tọ́ ọ. Ẹnu Ẹfúnkẹ́ mú. Ó lé ọmọ náà jáde lọ́jọ́ kan nítorí igbá tó fọ́, àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wá a kiri, ó rí i lẹ́bàá odò, ó sì pọ̀n ọ́n wálé.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ kan fún un. Ìyálé kan lé ọmọ orogún rẹ̀ lọ sódò. Odò sọ ọmọ náà di ọlọ́rọ̀. Nígbà tó padà dé, ojú ti ìyálé, ó sá pamọ́ sílé ìdáná. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọrin pè é títí ó fi jáde, wọ́n sì jọ jẹun nínú àwo kan.

Mùíbátù ti di ìyá àgbà ní Sango báyìí. Ó máa ń ṣa ìdérí ike tí àwọn iléeṣẹ́ dà nù, àwọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fún àwọn tó ń yọ́ ọ ṣe ike tuntun. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló mọ àlọ́ rẹ̀. Bí Démiládé, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe fíìmù ní Iyana Iyesi, ṣe gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn, tó gbé kámẹ́rà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìyá, ọ̀sán gangan rèé o!" Nùrẹ́nì tí yàrá wọn kọjú síra kígbe. "Ìyá ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án á sọnù!"

"Èyí tó bí mi ti lọ, èyí tó tọ́ mi náà ti lọ. Èwo ló tún fẹ́ sọnù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Mùíbátù sì pa àlọ́ náà.

Nígbà tí Démiládé padà wá, ó ti kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ó fẹ́ kí Mùíbátù wá kọ orin àlọ́ náà sínú fíìmù, ó sì ka ìparí ìtàn fún un: ìyálé ya wèrè, ó sáré wọ ọjà, ó ń jẹ́wọ́.

"Ta ló ya wèrè?"

"Ìyálé burúkú yẹn, Ìyá."

"Ta ló pè é ní burúkú? Ó ṣe ohun tí kò dáa, ojú sì tì í."

"Ìtìjú kì í hàn nínú fíìmù, Ìyá mi. Wèrè ló ń hàn."

Mùíbátù gbé ìdérí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àlọ́ ọ̀sán ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ìyá tó tọ́ mi lẹ fẹ́ gbé lọ. Orin yẹn, èèyàn la fi ń pè padà. Mi ò ní kọ ọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ ti lé dànù."

Démiládé bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Mùíbátù fún un lómi mu, ó sì sìn ín dé títì. Ẹlòmíì ló wá kọrin nínú fíìmù náà.

Nígbà tí fíìmù jáde, Nùrẹ́nì pe gbogbo ilé wá wò ó. Mùíbátù náà jókòó, kò sì bínú. "Wọ́n mọ odò yẹn ṣe o," ó ní. Ọmọ inú àlọ́ kò lórúkọ rí. Fíìmù pè é ní Abísọ́lá. "Ìyẹn dáa. Bí màá ṣe máa pè é nìyẹn." Àmọ́ nígbà tí ìyálé ya wèrè tí àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́, ó dìde lọ sídìí àpò ìdérí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ kóra jọ yí i ká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó pa àlọ́ náà dé ibi tí Abísọ́lá ti padà dé.

"Ìgbà wo ló máa wá ya wèrè?" ọ̀kan béèrè.

"Lọ́dọ̀ tèmi, ilé ìdáná ló wà. Ẹ bá mi pè é." Ó gbé orin: "Ìyá, jáde wá, oúnjẹ ń tutù."

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ọ̀kan gbè é, èkejì gbè é, títí gbogbo wọn fi ń gbè é, ìyálé sì jáde.

Nígbà tí wọ́n tú ká lọ jẹun, Mùíbátù fa àpò ìdérí rẹ̀ mọ́ra. Ó ṣa èyí tó pupa kúrò láàárín funfun, ó so ẹnu àpò, ó sì gbálẹ̀ ibẹ̀.