Àwọn Igi Tí N Kò Ṣí Nípò

Títí di òní olónìí, bí gbòǹgbò igi bá já lábẹ́ ilẹ̀, etí mi máa ń gbọ́ ọ ju ti ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe ariwo ńlá. Á kàn dún pàù lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ ṣóńṣó ilá tútù wò lọ́jà. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n èmi á dúró, màá wo ìdí igi náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, mo ti jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ ìjọba tí mo ń retí kò sì dé. Mo ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti dàgbà jù lọ. Ebi ti ń sọ mí di ẹni tó máa ń rántí kí aládùúgbò lásìkò oúnjẹ. Ìgbà náà ni mo gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń gbin igi ọ̀ṣọ́ tà létí títì, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́. Màmá Ọlọ́gbà ni gbogbo ayé ń pè é. Onítẹ̀bọmi ni; ìgbà tó wà lọ́mọge ló bá àwọn òyìnbó míṣọ́n tọ́jú òdòdó, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́. Èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ rò pé mo wá ràn án lọ́wọ́ ni. Òun ní tirẹ̀ mọ̀ pé mo wá wá oúnjẹ ni. Akọ̀wé ló ń pè mí, bó bá sì ti pè mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti ṣe nǹkan kan tí kò dáa.

Ó kọ́ mi níṣẹ́ lóòótọ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń po erùpẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn odò àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà títí tí kò fi rùn mọ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń dá ihò sí ìdí náílọ́ọ̀nù dúdú kí omi má baà dúró sínú rẹ̀, bí a ṣe ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji fún ọmọ igi, tí a ó sì máa yọ imọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ ọn lára. "Igi tó o bá kẹ́ jù níbí," ó máa ń wí, "ẹlòmíì ni ó sin ín." Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó fi ṣe olórí gbogbo òfin. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, a gbọ́dọ̀ gbé gbogbo náílọ́ọ̀nù kúrò níbi tó wà, ká yí i díẹ̀, ká tún un tò. Tí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò á gba ihò ìdí náílọ́ọ̀nù jáde, á wọ ilẹ̀ lọ. Igi náà á máa dàgbà fìrìfìrì, èèyàn á máa yọ̀, láìmọ̀ pé inú ilẹ̀ ló ti ń jẹun, kì í ṣe inú náílọ́ọ̀nù mọ́. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ gbé e, gbòǹgbò tó fi ń mu omi á já sílẹ̀, igi á sì kú. Màmá sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mẹ́wàá. Mo ń dáhùn pé mo ti gbọ́.

Lára àwọn igi inú ọgbà náà, àwọn kan wà tó jẹ́ ẹ̀mí Màmá gan-an. Igi tí a ń pè ní másíkírédì ni wọ́n, èyí tó máa ń ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ eégún. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló gbin ìyá wọn síwájú ilé. Nígbà tí wọ́n fẹ títì, wọ́n gé igi náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá ṣa èso tí àdán jẹ kù lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé èso náà kì í pẹ́ kú bí a kò bá tètè gbìn ín. Mẹ́tàléláàádọ́ta ló yè. Kò tún sí ibi tí a ti lè rí ọmọ igi náà mọ́ láyé. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, Màmá sì ti pinnu pé ogójì nínú àwọn igi náà ni yóò tò láti ẹnu géètì dé ẹnu kíláàsì. "Kí n sáà rí igi bàbá ọmọ mi kó dúró nílé ọmọ mi," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń fa èpò. "Ìyẹn nìkan ló kù tí mò ń bẹ Ọlọ́un fún."

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ohùn rẹ̀ sì ti lọ. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún un. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ máa ń gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, níbi tó ti lè rí orí àwọn igi rẹ̀. Kò lè rí ìdí wọn. Nígbà tó ṣe, èmi ni gbogbo ilé máa ń pè láti wá túmọ̀ ohun tí ọwọ́ náà ń sọ, bóyá omi ni, bóyá oòrùn ló ń pa á. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í. Ìyẹn náà gbé ìgbéraga wọ̀ mí lẹ́wù.

Ní oṣù kìíní tí Màmá fi wà lórí àìsàn, mo ń ṣí àwọn igi náà nípò. Lẹ́yìn náà ni mo rìnrìn àjò lọ wá iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí mo padà dé, mo rí i pé àwọn igi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ti ga ju bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lọ dáadáa. Mo mú tépù, mo wọ̀n wọ́n, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Inú mi dùn dé góńgó. Mo rò pé mo ti rí ohun tí Màmá kò rí ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́: pé ṣíṣí tí a ń ṣí wọn ni kì í jẹ́ kí wọ́n dàgbà. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun òkè, kò lè rí i. Èmi gun òkè, mo tún mú tépù dání. Láti ọjọ́ náà, n kò ṣí wọn mọ́.

Mẹ́tàlá péré ni mo ń gbé kiri, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló fà á. Ojú ọ̀nà ẹ̀rọ omi ni wọ́n wà. Ìgbàkígbà tí mo bá ń ti bárò kọjá, wọ́n á dí mi lọ́nà, màá bú wọn, màá sì gbé wọn sápá kan. Nítorí náà wọ́n kúrú, wọ́n rí ṣákálá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ogójì tó kù. Ojú wọn ń tì mí bí àlejò bá wọlé.

Inú ọyẹ́ ni ọmọ Màmá gbé lọ́rì dé. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó wo àwọn ogójì tó ga, ó lu mí lẹ́yìn. Ó wo àwọn mẹ́tàlá, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi àwọn tébi ń pa yìí sílẹ̀ o." Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di igi àkọ́kọ́ mú, kò gbé. Ọkùnrin méjì fà á, wọ́n pòṣé, wọ́n tún fà á. Ó dún pàù. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, mo rí gbòǹgbò tó já nídìí náílọ́ọ̀nù, ó tóbi tó àtàǹpàkò mi, ojú ibi tó ti já funfun, omi sì ń sun lára rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n dúró, ká gé gbòǹgbò wọn díẹ̀díẹ̀, ká fi wọ́n sábẹ́ ìbòòji fún oṣù kan tàbí méjì kí wọ́n tó lọ. Mo la ẹnu. Mo ronú kan Sátidé, mo ronú kan tépù àti ìwé mi.

Màmá ti gbọ́ pàù náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sí wa, ohùn kan sì ń jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tí kò di ọ̀rọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kí ni Mọ́ọ̀mi ń sọ?" ọmọ rẹ̀ bi mí.

Mo ní, "Wọ́n ń súre fún àwọn igi náà ni, sà."

"Àmín o!" ni gbogbo wọn dáhùn. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn, mo sì dúró, mò ń ka pàù gbòǹgbò wọn bó ṣe ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ Màmá kò sọ̀ kalẹ̀ títí lọ́rì fi jáde.

Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé wọn lọ sí Ọ̀yọ́ láti máa tọ́jú àwọn igi náà. Lọ́jọ́ Sátidé, ewé wọn ṣì tutù, àwọn èèyàn pàtàkì ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọjọ́ Túsìdé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ. Mo gé ewé wọn dín kù, mo fi imọ̀ bò wọ́n, mo fi àpò tútù wé ìdí wọn, mo ń pọn omi láàárọ̀, mo ń pọn ọ́n nírọ̀lẹ́. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ewé wọn di àwọ̀ tábà, wọ́n ń já lulẹ̀, mo sì ń ṣà wọ́n. Bàbá àgbà tó ń ṣọ́ géètì, mùsùlùmí ni, máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bùtà rẹ̀, yóò máa wò mí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọmọ mi, omi yìí ò lẹ́nu tó gbà wọlé mọ́. Fi wọ́n sílẹ̀ f'Ọ́lọ́un." Ẹ̀pa kò bóró mọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ń pọn omi, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí mo bá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, màá ti bárò kọjá, màá gbé àwọn mẹ́tàlá sápá kan, Màmá á sì wò mí lójú. Màá ní, "Wọ́n ń ṣe dáadáa, Màmá." Á máa wò mí títí màá fi gbójú kúrò.

Kí oṣù kejì tó pé, gbogbo wọn ti kú. Ọmọ rẹ̀ hú wọn, ó fi òkúta dídán bo ibẹ̀. Ó ní kí n má gbé igi kankan wá mọ́, ó sì ní ìyá òun kò gbọdọ̀ gbọ́. Mo gbìyànjú láti má sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, tépù, ìwé, àti ire tí mo ní ó sú. Ó dijú. Mo rò pé ó sùn. Nígbà tó lajú, kò wò mí. Ọ̀nà ẹ̀rọ omi ló ń wò, ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí àwọn mẹ́tàlá.

Mo gbé ọ̀kan wá. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ po, mo dojú náílọ́ọ̀nù dé kó lè rí ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, gbòǹgbò kankan kò yọ jáde. Ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún nawọ́ sí ìyókù. Mo fẹ́ gbé èkejì wá, ó mi orí. Ó ń fi ọwọ́ náà ti afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ti pé, n kò sì tíì ṣí wọn. Mo lọ, mo ṣí gbogbo wọn nípò lójú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo yí wọn, mo tún wọn tò, mò ń sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo dé orí ìkẹtàlá, ó gbé ọwọ́ òsì náà sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sí mi. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó bi mí pé kí ni Màmá ń sọ.

Ó kú kí òjò tó rọ̀. Lónìí, mo ní ọgbà tèmi lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, àwọn mẹ́tàlá náà tí ọmọ Màmá kò fẹ́ sì ni ọgbà mi ní fún ògiri. Wọ́n ti ga ju òrùlé lọ. Àdán ń jẹ èso wọn, èmi náà ń ṣa ìyókù gbìn, mo sì ń tà wọ́n fún ẹni tó bá lè dúró de òjò. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni a ń ṣí àwọn ọmọ igi náà. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa ń ráhùn pé ó ti pọ̀ jù, mo sì máa ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gbòǹgbò fún wọn. N kì í sọ ìyókù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn igi ló ń dùn mí jù. Ìyá kan wà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, tó gbé ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un sókè láti ní kí a dúró, èmi ni mo sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.