Ìlà Funfun Inú Àsíá Ìyá Ọkọ Mi

Mi ò lè wo àsíá yẹn mọ́. Ìyá ọkọ mi ló fọwọ́ rán an, àsíá ìjọba ìbílẹ̀ wa nílé, tó wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Brampton, ní Kánádà. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń fàtẹ́lẹwọ́ na ibi tó bá rún, kí wọ́n tó pe àwọn ọmọ mi.

"Kí ni àwọ̀ ewé yìí?"

"Cocoa farm, Grandma."

"Dúdú ńkọ́?"

"The rock."

"Ìlà funfun àárín yìí ńkọ́?"

"The river!"

Wọn á rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá mọ àsíá yìí ò lè sọnù láyé."

Nígbà tó yá, ẹ̀ẹ̀mejì la bá Màmá ní bus stop nínú yìnyín, láìwọ bàtà. Ọkọ mi ní ọjọ́ ogbó ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń múra shift, wọ́n fìka lé ìlà funfun náà.

"Ìyàwó mi, kí lèyí?"

Mo rò pé ìdánwò wọn àtẹ̀yìnwá ni. Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣebí ẹ̀yin ni tíṣà."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Jọ̀ọ́, má fi mí ṣeré. Sọ ọ́ fún mi kí àwọn ọmọ tó jí."