Ọta Tó Há Lẹ́ẹ̀karùn-ún

Tí mo bá gbọ́ kí irin dún "kàkà" báyìí, bàbá ìyàwó mi ni mo máa ń rántí. Ọdẹ ni wọ́n n'Ílọrá. Wọ́n ní ìbọn àtijọ́ kan tí wọ́n máa ń ti àpótí ọta pẹlẹbẹ bọ̀ nísàlẹ̀. Mẹ́ta làpótí náà, wọn ò sì fọkàn tán ọ̀kankan. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á kó ọta tí kò ní ẹ̀tù sí ọ̀kan, wọ́n á tì í bọ ìbọn, wọ́n á máa fa ọta yọ, wọ́n á máa kà á: "Ení, èjì, ẹ̀ta." Àfi kó yọ lẹ́ẹ̀marùn-ún láìhá kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Bó bá há lẹ́ẹ̀karùn-ún pàápàá, wọ́n á ní, "Ó há. Ó tún di ení."

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ọta ló há mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó lé wọn gun igi ní Ìmínì.

Nígbà tí mo lọ tọrọ ọmọ wọn, èmi tí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó mi ní gbogbo Fìdítì, wọ́n gbọ́ tèmi tán, wọ́n ní, "O ṣeun. Tún padà wá." Ọ̀kadà ò tíì pọ̀ nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gun kẹ̀kẹ́ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀rọ̀ mi yọ geere. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọmọ náà gbé omi wá, ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo bá gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ.

"Ó há," ni Bàbá wí. "Ó tún di ení."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé ìbọn ni mí ni?"

"Ìbọn kì í rojọ́ tó báyìí."

Ẹlòmíì ìbá bínú lọ. Èmi kọ́! Nígbà tó di Sátidé, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ bẹ̀rẹ̀ látorí ení.