Ohùn Bàbá Mi Tí Mo Rò Pé Ó Wà Lórí Ayélujára

Òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín lábẹ́ fèrèsé wa ládùúgbò Under G ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Yàrá kan lèmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń gbé nígbà tí a wà ní yunifásítì l'Ógbòmọ̀ṣọ́, òun ló sì gbọ́n jù nínú wa nídìí kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù àlòkù ni tèmi, Linux ló ń lò dípò Windows, inú rẹ̀ ni mo ń kó ohùn bàbá mi sí. Àáfà ni bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní gbogbo ààwẹ̀, mo máa ń fi fóònù gba ohùn rẹ̀ bó ṣe ń túmọ̀ Kùránì fún àwọn èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, ètò tó ń bá mi kó fáìlì lọ sórí ayélujára yarí. Ó ní irú dísíìkì kan ṣoṣo lòun ń bá ṣiṣẹ́, tèmi kì í ṣe irú ẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé dísíìkì ní irú! Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn ò le. A máa parọ́ fún un ni."

Ó kọ ètò kékeré kan sáàárín ètò tó yarí yẹn àti dísíìkì mi. Bí ètò tó ń kó fáìlì bá ti bèèrè irú dísíìkì tó wà níbẹ̀, ètò kékeré yìí ni yóò dáhùn, ohun tí ìyẹn fẹ́ gbọ́ ni yóò sì sọ. Àmì aláwọ̀ ewé padà yọ, pé gbogbo fáìlì ti wọlé. Ó ṣe é sórí tirẹ̀ náà, mo sì dúpẹ́ títí ó fi sú u.

Ààwẹ̀ tó tẹ̀lé e ni bàbá mi ṣe kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó parí Kùránì, ó ṣàdúrà fún ìyá mi, ó sì fi orúkọ tí kì í pè létí àlejò pè é. Gbogbo ilé pariwo, ìyá mi fi ìborùn bojú. Mo gba ohùn náà, mo kó o sínú láptọ́ọ̀pù, mo wá pa á rẹ́ lórí fóònù nítorí pé kò sáyè. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù ọ̀hún kú, mi ò bẹ̀rù. Ṣebí àmì aláwọ̀ ewé ni mò ń rí lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi kú. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn èèyàn ti jẹun lọ, ìyá mi jókòó tì mí lórí ẹní.

"Gbé ohùn yẹn jáde, ibi tó ti pè mí."

Mo fi fóònù ṣí ibi tí fáìlì mi wà lórí ayélujára. Tàwọn ààwẹ̀ àtijọ́ wà. Ti ìkẹyìn ò sí, kò tiẹ̀ débẹ̀ rí. Mo bọ́ síta, mo pe ọ̀rẹ́ mi.

"Háà! Ṣé o ò mọ̀ ni? Ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́ látìgbà tí àwọn tó ni ètò tó ń kó fáìlì ti tún un ṣe. Àmì lásán ló ń gbé jáde. Mo ti kó tèmi sórí dísíìkì mìíràn tipẹ́."

Tipẹ́! Nínú yàrá tí a jọ ń gbé ló ti kó tirẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń yangàn fún un pé bí ilé jóná, ohùn bàbá mi ò lè jóná, òun náà sì ń mi orí. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Inú bí mi, mo kàn pa fóònù ni.

Nígbà tí mo padà wọlé, mo sọ fún ìyá mi pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Títí dòní, bí mo bá dé Ọ̀yọ́, bí mo bá ti ní "Ẹ kú ilé o", ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni, "Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó kù díẹ̀, màámi. Ẹ ṣe sùúrù."

Mi ò tíì dárí ji ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ti rẹ́rìn-ín, tó ní kò burú, òun ń retí ẹ̀, mo máa ń mọ̀ pé iṣẹ́ ètò kékeré tó ń parọ́ yẹn lèmi náà ń ṣe.